Orí Kẹrin: Kíka Àbádòfin àti Àtúnṣe Òfin fún Ìdánwò Ìwọlé sí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òfin

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni UTME ti àjọ JAMB, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ogójì-ogójì lórí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Èkejì ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣe fúnra wọn, tí gbogbo wa mọ̀ sí Post-UTME. Ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin kì í jìnnà sí méjèèjì. Ẹni tó mú Government yóò bá a pàdé nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò mú un lè kàn án níbi ìbéèrè nípa ohun tó ń lọ láwùjọ, ní ilé ìwé tó bá ń bèèrè irú rẹ̀.

Àìkàwé kọ́ ló máa ń já akẹ́kọ̀ọ́ kulẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ gan-an ló máa ń ṣubú jù, nítorí àkọlé ìròyìn ni wọ́n há sórí. Ìwé ìròyìn á kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí òfin tuntun, bẹ́ẹ̀ kíkà kejì ni nǹkan ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, nínú ilé kan ṣoṣo. Ti akọ̀ròyìn ti bùṣe. Ẹni tó ń ṣètò ìdánwò ní tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ìbéèrè. Oyún kì í ṣe ọmọ, a kì í sì í sọ oyún lórúkọ. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá gbọ́ nípa òfin tuntun kan, bi í ní nǹkan mẹ́ta: ibo ló dé, kí ló yí padà gan-an, ta ló sì mú? Èyí àárín ló le jù nínú wọn, òun ni n ó pẹ́ lé lórí.

Ibo ló dé?

Abala 58 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló la ọ̀nà fún àbádòfin. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀ á sọ ilé tó ti ṣẹ̀ wá fún ọ: SB fún ti àwọn sẹ́nétọ̀, HB fún ti àwọn aṣojúṣòfin. Kíkà àkọ́kọ́ kò ní àríyànjiyàn nínú, wọ́n kàn ń pe orúkọ rẹ̀ sétí ilé ni. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn bóyá ó yẹ kó wà rárá. Bó bá yè bọ́ níbẹ̀, ó di ti ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, àwọn ni wọ́n ń pe aráàlú àti ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi wá sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ á jábọ̀, ilé á yẹ̀ ẹ́ wò láti abala dé abala, kíkà kẹta á sì tẹ̀ lé e. Ilé kejì náà á gbà á lọ́wọ́ wọn, yóò tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dà méjèèjì kò bá bára mu, àwọn aṣojú láti ilé méjèèjì á jókòó pọ̀ láti mú un dọ́gba, nítorí ẹ̀dà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dé iwájú Ààrẹ.

Ààrẹ ní 30 ọjọ́. Ibí yìí ni ẹni tó ti ka ìwé púpọ̀ nípa Amẹ́ríkà ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lọ́hùn-ún, bí Ààrẹ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, láìka Sunday mọ́ ọn, tí Kọ́ńgírésì sì ṣì ń jókòó, àbádòfin ti di òfin nìyẹn. Ní Nàìjíríà, ìdákẹ́ Ààrẹ kì í sọ nǹkan kan di òfin. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ tún un gbà wọlé pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, nígbà náà ni kò ní nílò ìbuwọ́lù rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà yìí ni òfin tó dá àjọ NDDC sílẹ̀ gbà di òfin ní 2000, lẹ́yìn tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ti àbádòfin owó, bí ètò ìṣúná, yàtọ̀ díẹ̀: abala 59 ló ń darí rẹ̀, ìjókòó àpapọ̀ ilé méjèèjì ni wọ́n sì ti ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta borí Ààrẹ. Ojú ìwé kan péré ni abala méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn kì í tán lára àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè.

Má ṣe gbà pé àbádòfin tó bá pariwo jù ló súnmọ́ àtidi òfin jù. Èyí tó fẹ́ fìyà jẹ ẹni tó bá gbé irọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri ní 2019. Ó kọjá kíkà kejì lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀, wọ́n pe aráàlú wá sọ̀rọ̀ lé e lórí ní 2020, kò sì di òfin. Àbádòfin epo rọ̀bì dé ilé aṣòfin ní 2008, ìjọba ń yí, sáà ilé aṣòfin ń parí, a tún ń gbé e wá láti ìbẹ̀rẹ̀, títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lù ú ní 16 August 2021. Ti orin orílẹ̀-èdè kò ní wàhálà kankan: láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ká ìpele gbogbo, Ààrẹ Tinubu sì buwọ́ lù ú ní 29 May 2024. Mi ò rò pé irú eré àsápajúdé bẹ́ẹ̀ yẹ òfin, ṣùgbọ́n ìdánwò kì í bèèrè ohun tó yẹ.

Kí ló yí padà gan-an?

Àbádòfin àtúnṣe kì í dá dúró. Bí o bá kà á láìfi òfin àtilẹ̀wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní yé ọ. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló máa ń ṣe: ó lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì lè ki ẹsẹ̀ tuntun bọ àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò bá fọwọ́ kàn ṣì wà níbi tó wà. Gbólóhùn yìí rọrùn débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí, wọ́n á sì tìtorí ẹ̀ pàdánù máàkì.

Wo èyí tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ sí Not Too Young To Run, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 31 May 2018. Bi àwọn èèyàn léèrè ohun tó ṣe, wọ́n á ní ó dín ọjọ́ orí olóṣèlú kù. Òótọ́ ni, àmọ́ kò kún tó. Abala 65 ló ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ní Àbújá, àtúnṣe náà sì fi 25 rọ́pò 30 fún aṣojúṣòfin. Ó ṣe bákan náà ní abala 106 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ní abala 131, 35 rọ́pò 40 fún Ààrẹ. Ó tán. Ti sẹ́nétọ̀, tó wà nínú abala 65 kan náà, wà ní 35 bó ti wà, ti gómìnà ní abala 177 náà kò sì yí. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí kan náà ni Nàìjíríà ń bèèrè lọ́wọ́ Ààrẹ, gómìnà àti sẹ́nétọ̀ báyìí. Ẹni tó bá há àkọlé nìkan sórí yóò sọ pé ẹni ọdún 30 lè díje fún ipò gómìnà, kò sì ní mọ ohun tó já òun kulẹ̀.

Àtúnṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní 2024 náà dára fún ìdánrawò. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ₦30,000 di ₦70,000. Ohun kejì tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jáde nínú àkọlé: ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń tún owó náà gbé yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, àtúnṣe sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń ṣètò ìdánwò, ti ọdún mẹ́ta yẹn ni n ó bèèrè.

Ìgbà mìíràn wà tí ilé aṣòfin kì í tún òfin ṣe, ṣe ni wọ́n máa ń fagi lé e pátápátá tí wọ́n á sì ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ gba ọ̀nà yìí. Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ti àkọ́kọ́ ní 12 June 2023, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìdènà nínú, lára wọn ni pé owó tó ń wọlé fún ẹni tó fẹ́ yá owó tàbí fún ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi wọ́gi lé e. Ní 3 April 2024 ni èyí tuntun gba ìbuwọ́lù, ìdènà owó tó ń wọlé yẹn kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Bí ìbéèrè bá wá ní òfin 2024 "tún òfin 2023 ṣe", fara balẹ̀. Òfin 2023 ti lọ pátá, kò sí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí tó le jù ni àbádòfin tó yí padà lójú ọ̀nà. Ní October 2024, Ààrẹ fi àbádòfin owó orí mẹ́rin ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin. Nínú èyí tó dé, VAT tó wà ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó di 10 ní 2025, kó gun 12.5, kó sì di 15 láti 2030. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìdánwò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n há a sórí. Àwọn gómìnà gbé tiwọn kalẹ̀, ilé aṣòfin náà tú u palẹ̀, nígbà tí Ààrẹ fi máa buwọ́ lù ú ní 26 June 2025, 7.5 ni VAT ṣì wà. Ẹni tó kọ́ àbádòfin tí kò padà wá wo òfin ń gbé nọ́ńbà tí kò sí níbì kankan lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀tàn mìíràn ṣì wà níbẹ̀: June 2025 ni ìbuwọ́lù, àmọ́ 1 January 2026 ni òfin owó orí tuntun tó ní VAT nínú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ ìbuwọ́lù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lè jìnnà síra, èyí tí ìbéèrè bá dárúkọ ni kí o dáhùn.

Bí ìwé òfin fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wá àlàyé kúkúrú tó máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń sọ ohun tí òfin náà wà fún ní ìlà bíi mẹ́ta. Kà á kí o lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dorí kọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé òun kì í ṣe ara òfin náà, ìyẹn pẹ̀lú sì lè di ìbéèrè.

Bó bá jẹ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n fẹ́ tún ṣe

Níbí, abala 58 kò tó, abala 9 ni kí o ṣí. Sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojúṣòfin 360 la ní. Láti tún ọ̀pọ̀ nǹkan inú ìwé òfin ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojúṣòfin 240. Gbogbo ọmọ ilé ni òfin sọ, kì í ṣe àwọn tó wá sí ìjókòó lọ́jọ́ náà, ẹni tó jókòó sílé ti dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán nínú 36 gbọ́dọ̀ gbà á. Àbújá kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, má kà á mọ́ ọn.

Àwọn ibì kan wà tí ọ̀nà náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ tún abala 9 fúnra rẹ̀ ṣe, tàbí abala 8 tó ń sọ bí a ṣe ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, tàbí Orí Kẹrin tó jẹ́ ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni òfin ń bèèrè ní ilé kọ̀ọ̀kan: sẹ́nétọ̀ 88 àti aṣojúṣòfin 288. Ti àwọn ìpínlẹ̀ ṣì jẹ́ 24.

Ti ìbuwọ́lù Ààrẹ ńkọ́? Abala 9 kò dárúkọ Ààrẹ, ìdí nìyẹn tí ilé aṣòfin fi kọ́kọ́ gbà ní 2010 pé àtúnṣe wọn kò nílò rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó ní ó nílò rẹ̀, Ààrẹ Jonathan sì buwọ́ lù ú ní January 2011. Ní 2015, Jonathan kan náà kọ̀ láti buwọ́ lu àtúnṣe kẹrin ti ìgbà náà, àtúnṣe ọ̀hún sì kú síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé àtúnṣe kẹrin dìde, wọ́n pín in sí kélekèle, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìkọ̀sílẹ̀ ọ̀kan má bàa pa ìyókù lára. Ìdí nìyí tí orúkọ "Àtúnṣe Kẹrin" kò fi tọ́ka sí òfin kan ṣoṣo.

Ní March 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe 16. Méjì nínú wọn kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ: ọkọ̀ ojú irin àti ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò lórí àtòjọ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní agbára lé lórí, wọ́n bọ́ sórí èyí tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní. Òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ kò sí nínú mẹ́rìndínlógún náà, kò rí ìpínlẹ̀ 24. Ẹni tó bá rántí pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà lè rò pé ìwé òfin ti yí padà. Kò yí. Ilé ẹjọ́ ló túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, kò fi lẹ́tà kan kún abala 162.

Ta ló mú?

Òfin tí Àbújá ṣe kì í fìgbà gbogbo dé Adó-Èkìtì. Òfin tó ń dènà ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí a mọ̀ sí VAPP ti 2015, Olú-ìlú Àpapọ̀ ló mú. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi nínú báyìí tó ti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá jọ ṣí i ní Ìbàdàn ní 9 January 2020, tìlù tìfọn. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ilé aṣòfin kan ṣoṣo tó lè ṣòfin fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti gbé àbádòfin tirẹ̀ lọ sílé aṣòfin rẹ̀ lábẹ́ abala 100. Èkó kò tilẹ̀ ṣe òfin tuntun. Ó ti ní òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tẹ́lẹ̀, òun ló tún ṣe láti fi Àmọ̀tẹ́kùn kún un. Orúkọ kan, òfin mẹ́fà, ọ̀nà méjì. Bí wọ́n bá fi èyí ṣe àyọkà, kí wọ́n bi ọ́ bóyá òfin Ọ̀yọ́ lè mú ẹni tó wà ní Ògùn, rántí pé ilé aṣòfin kì í ṣòfin kọjá ààlà ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Bí o ṣe lè múra sílẹ̀

Mú ìwé kan fún òfin nìkan. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, kọ orúkọ rẹ̀, ilé tó ti bẹ̀rẹ̀, ìpele tó wà, abala tó yí padà, bó ti wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà nísinsìnyí, ọjọ́ ìbuwọ́lù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ti ìpele, torí yóò máa yí. Nǹkan bí ogún òfin tí o mọ̀ dójú àmì sàn ju ọgọ́rùn-ún àkọlé lọ. PLAC, ẹgbẹ́ kan ní Àbújá, máa ń kó àbádòfin àti òfin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ojú òpó ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ náà sì wà. Lẹ́yìn tí o bá ka abala kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, pa ìwé dé, kí o sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó wà nítòsí. Bí kò bá yé e, kò tíì yé ìwọ náà. Ìwé òfin pàápàá gba Yorùbá láyè: abala 55 ní ilé aṣòfin àpapọ̀ lè lo Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un.

Wàyí o, gbìyànjú èyí. Sẹ́nétọ̀ 72 àti aṣojúṣòfin 251 dìbò fún àtúnṣe kan sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 30 sì gbà á. Ṣé ó kẹ́sẹ járí? Ìdá méjì nínú mẹ́ta 109 jẹ́ 72 àti díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì nílò odidi sẹ́nétọ̀ kan sí i. Kò kẹ́sẹ járí. Kò tilẹ̀ yẹ kó dé ìpínlẹ̀ rárá.

Òmíràn: gómìnà kan kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, lórí àbádòfin tó wà níwájú rẹ̀, 40 ọjọ́ ti kọjá. Ṣé ó ti di òfin? Kò tíì dì í. 30 ọjọ́ tí abala 100 fún un ti tán, àmọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un gbà wọlé pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Abala 214 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún Nàìjíríà, kò sì gbọdọ̀ sí òmíràn. Bí ilé aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ bá dìde lónìí tó ṣe òfin ọlọ́pàá tirẹ̀, tí gómìnà buwọ́ lù ú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè borí rẹ̀, òfin náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Abala 214 fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni àbí ìdá méjì nínú mẹ́ta? Abala 214 wà ní Orí Kẹfà, kì í ṣe Orí Kẹrin, kì í sì í ṣe abala 8 tàbí 9. Nítorí náà sẹ́nétọ̀ 73, aṣojúṣòfin 240, ìpínlẹ̀ 24, kí Ààrẹ tó gbé kálàmù.